Ẹ Má Dá Àgbọ̀nrín Nìkan Lẹ́bi

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ààfin ọba tàbí ti ilé-ẹjọ́ nìkan. Ó kan gbogbo ẹni tí ó bá ń wá òdodo, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà sì ṣe oníṣègùn. Ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rò ó, tí mo sì fẹ́ kí a jọ gbọ́ lónìí. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kò lè sọ̀rọ̀, kò ní agbẹjọ́rò, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ro ẹjọ́ òun, nítorí pé ẹranko ìgbẹ́ ni. Àgbọ̀nrín ni. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé òun ni ó ń bọ́ eégbọn tí ń kó àrùn ran ọmọ ènìyàn. Èrò tèmi ni pé àgbọ̀nrín ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi lé e lórí kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀ ju ọwọ́ àgbọ̀nrín lọ.

Kí ó má baà sí àṣìṣe, n kò sọ̀rọ̀ nípa àgbọ̀nrín inú igbó tiwa. Ẹran tí mo ń sọ fi ara jọ tiwa, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun gbòò, bí ẹ̀rù bá sì bà á, a gbé ìrù náà sókè bí àsíá, a sì fi eré sí i. Akọ rẹ̀ a máa hu ìwo ẹlẹ́ka, ìwo náà a sì máa já bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù dípò rẹ̀. Bákan náà, eégbọn tí mo ń sọ kì í ṣe irú èyí tí a máa ń já kúrò ní etí ajá nínú ilé wa. Èyí kéré púpọ̀. Nígbà tí ó bá wà ní ọ̀dọ́, kò tóbi ju kóró ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan lọ.

Báwo ni ẹjọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 1975, ní ìlú Lyme àti àwọn ìlú tí ó múlé tì í ní ìpínlẹ̀ Connecticut, àwọn ìyá kan ṣàkíyèsí ohun tí ó kọ wọ́n lóminú. Àwọn ọmọ tí ń sáré ṣeré káàkiri ni orúnkún wọn ṣàdédé wú, tí wọn kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Àwọn oníṣègùn sọ pé àìsàn oríkèé ara tí ó máa ń mú ọmọdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ó fi mú ọmọ púpọ̀ ní àdúgbò kan náà? Àwọn ìyá wọ̀nyí kò dákẹ́. Wọ́n ké sí àwọn aláṣẹ ìlera, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí àwọn oníṣègùn Yunifásítì Yale. Dókítà Allen Steere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Nígbà tí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1977, ènìyàn 51 ni wọ́n kà nínú ìlú mẹ́ta tí àìsàn náà ti mú, 39 nínú wọn ni ó sì jẹ́ ọmọdé. Ẹ̀bá igbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, ìgbà ooru ni àìsàn náà sì sábà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan sì rántí pé àmì pupa kan ti kọ́kọ́ yọ sí ara àwọn kí oríkèé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí kí ọwọ́ tó tẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ gan-an. Ọ̀gbẹ́ni Willy Burgdorfer, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní ìpínlẹ̀ Montana, ń yẹ inú àwọn eégbọn wò ní ọdún 1981. Shelter Island ní New York ni wọ́n ti kó wọn wá. Kòkòrò àrùn mìíràn ni ó ń wá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ojú sí ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí àwọn kòkòrò tín-ínrín tí wọ́n lọ́ bí okùn tí a fi ọwọ́ lọ́. Àwọn ni ó ń fa àìsàn ìlú Lyme. Ní ọdún 1984, wọ́n fi orúkọ ọkùnrin yìí sọ kòkòrò náà, wọ́n ń pè é ní Borrelia burgdorferi. Àìsàn náà sì ń jẹ́ àrùn Lyme títí di òní.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo àrùn yìí. Àmì pupa roboto kan a máa yọ níbi tí eégbọn ti jẹ ènìyàn, a sì máa fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ibà, orí fífọ́ àti àárẹ̀ a máa bá a rìn. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè mú kí ojú ẹni wọ́ sí apá kan, ó lè da lílù ọkàn rú, ó sì lè wọ inú oríkèé, pàápàá orúnkún. Àjọ ìdènà àrùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 2010 sí ọdún 2018, bí ènìyàn 476,000 ni àwọn oníṣègùn ń tọ́jú fún un lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwòsàn rẹ̀ kò nira bí a bá tètè mọ̀ ọ́n. Oògùn apakòkòrò tí a bá lò fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sábà máa ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó kan àwa gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní New York, ní New Jersey àti ní Maryland, níbi tí àrùn yìí wọ́pọ̀ sí. Àwọ̀ pupa tí àwọn ìwé ìṣègùn ń ya àwòrán rẹ̀ sára aláwọ̀ funfun kì í hàn bẹ́ẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú. Ó lè dà bí ibi tí ó dúdú sí i, tàbí bí ojú ibi tí nǹkan ti nà. Nítorí èyí, a máa ń pẹ́ kí a tó mọ àrùn náà lára àwọn ènìyàn dúdú, nígbà mìíràn a kì í mọ̀ ọ́n títí yóò fi wọ oríkèé. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ẹjọ́ àwọn ará òkèèrè nìkan ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá tọpa eégbọn náà láti inú ẹyin rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni kókó ẹjọ́ wà. Ọdún méjì ni ó sábà ń lò láyé, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ó sì ń jẹun. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, kò sí kòkòrò àrùn Lyme kankan nínú rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń kó bá a. Ara àwọn ẹranko kékeré ni ó ti sábà ń jẹ ẹ́, pàápàá lára eku kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ara eku yìí gan-an ni kòkòrò àrùn náà sì fi ṣe ilé. Bí eégbọn bá ti mu ẹ̀jẹ̀ náà, a já bọ́ sílẹ̀, a sì bọ́ awọ. Nígbà tí ó bá di ọdún kejì, ní ìgbà ìrúwé sí ìgbà ooru, ebi a tún pa á. A gun orí koríko, a na ẹsẹ̀ síwájú, a sì máa dúró de ohun ẹlẹ́ran-ara yòówù tí ó bá ń kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ó kọjá, ara ọmọdé náà ni yóò gùn. Ìgbà yìí ni ó kéré bí kóró tẹ̀tẹ̀, tí ojú kì í tètè rí i, ìgbà yìí ni ó sì ń ṣe ọṣẹ́ jù lọ. Nígbà tí ewé bá ń wọ́, tí eégbọn bá ti dàgbà, ẹran ńlá ni ó ń wá, àgbọ̀nrín ni ó sì sábà ń rí. Lára àgbọ̀nrín ni akọ àti abo ti ń pàdé. Abo a mu ẹ̀jẹ̀ yó, a já bọ́, a yé ẹyin tí ó lè tó 2,000, a sì kú.

Níbo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ àgbọ̀nrín wà? Kì í ṣe òun ni ó ń fún eégbọn ní kòkòrò àrùn Lyme. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ó ń pa kòkòrò náà. Eégbọn tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín nìkan kò lè ti ibẹ̀ kó àrùn yìí ran ẹnikẹ́ni. Eku ni ó ń fi ohun ìjà lé eégbọn lọ́wọ́. Ohun tí àgbọ̀nrín ń ṣe ni pé ó ń bọ́ ìyá eégbọn, ó sì ń gbé e kiri láti inú igbó kan dé òmíràn.

Àwọn tí wọ́n ń dá àgbọ̀nrín lẹ́bi yóò dá mi lóhùn pé, "Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀." Wọn yóò ní bí kò bá sí àgbọ̀nrín tí ń bọ́ ìyá eégbọn, níbo ni ọmọ eégbọn yóò ti wá? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, wọ́n sì ní ẹlẹ́rìí. Erékùṣù kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Maine tí a ń pè ní Monhegan. Àrùn Lyme ń yọ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́nu, àgbọ̀nrín sì pọ̀ níbẹ̀. Láàárín ọdún 1996 sí ọdún 1999, wọ́n pa gbogbo àgbọ̀nrín erékùṣù náà run pátápátá. Láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, eégbọn dín kù níbẹ̀ gidigidi. Ẹlẹ́rìí kejì tún wà. Eégbọn mìíràn wà ní gúúsù Amẹ́ríkà tí ó ní àmì funfun kan ṣoṣo lẹ́yìn. Ó ń kó kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Ehrlichia chaffeensis ran ènìyàn, ara àgbọ̀nrín yìí gan-an ni kòkòrò náà sì ń gbé. Nínú ọ̀ràn ti èyí, n kò lè sọ pé ọwọ́ àgbọ̀nrín mọ́.

Mo gba ẹ̀rí méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi òwe epo dá ẹjọ́, a gbọ́dọ̀ tún béèrè pé ta ni ó gbé àkàbà ti àjà. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Yale tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé kòkòrò àrùn Lyme ti wà nínú igbó Amẹ́ríkà fún ọdún tí kò dín ní 60,000. Àgbọ̀nrín wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, eku wà níbẹ̀, eégbọn náà sì wà níbẹ̀. Kí ni ó wá dé tí ó fi jẹ́ pé ní àárín ọ̀rúndún ogún sí ìparí rẹ̀ ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn bí iná ọyẹ́? Ohun kan ni ó yí padà, ọmọ ènìyàn ni ó sì yí i.

Nígbà tí àwọn òyìnbó tẹ̀dó sí apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n gé igbó lulẹ̀ láti fi dá oko. Wọ́n pa ìkookò, ẹran tí ń fi àgbọ̀nrín ṣe oúnjẹ, títí ó fi tán ní gbogbo agbègbè náà. Wọ́n pa àgbọ̀nrín pẹ̀lú fún ẹran àti fún awọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí ọdún 1900, ìṣirò wọn ni pé èyí tí ó kù ní gbogbo ilẹ̀ náà kò ju bí 500,000 lọ. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, wọ́n lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn tàbí sí àwọn ìlú ńlá. Igbó tún hù. Ìjọba ṣe òfin láti dáàbò bo àgbọ̀nrín, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkookò kò sí mọ́ láti dín wọn kù, ìṣirò lónìí sì ni pé wọ́n tó bí mílíọ̀nù 30. Kò tán síbẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ariwo ìlú ńlá ti sú kọ́ ilé wọn sí àárín igbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù náà, wọ́n sì gbin òdòdó àti igi eléso sí ẹ̀yìnkùlé. Òdòdó náà di oúnjẹ àgbọ̀nrín. Ẹ̀bá igbó náà di ilé eku. Ọmọ onílé a sì máa ṣeré láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ tún wo Monhegan tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí. Àgbọ̀nrín kò lúwẹ̀ẹ́ dé erékùṣù náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ènìyàn ni ó kó o débẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún ogún. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí yìí ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú. Àti pé ohun tí ó ṣeé ṣe ní erékùṣù tí òkun yí ká kò rọrùn ní ilẹ̀ gbalasa, níbi tí àgbọ̀nrín mìíràn yóò ti rìn wá dípò èyí tí a pa. Bí a bá sì pa díẹ̀ tí a fi púpọ̀ sílẹ̀, eégbọn yóò kàn kó ara jọ sórí èyí tí ó kù ni.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? N kò wí pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan àgbọ̀nrín. Ẹni tí ó bá lé ìkookò kúrò nínú igbó ti gba iṣẹ́ ìkookò ṣe, ó sì yẹ kí ó ṣe é dáadáa. Níbi tí àgbọ̀nrín bá ti pọ̀ jù, kí àwọn ọdẹ tí ó ní ìwé àṣẹ dín wọn kù ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró lórí èyí nìkan, ọmọ yóò máa ṣàìsàn lọ. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fi àbọ̀ bá adìẹ wí. Ìdáàbòbò ni ó yẹ kí ó ṣáájú ẹ̀bi. Kí ẹni tí ó ń lọ sínú igbó tàbí sínú koríko gíga wọ ṣòkòtò gígùn, kí ó sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Bí ó bá padà dé, kí ó yẹ gbogbo ara wò, abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ẹ̀yìn etí àti inú irun orí. Bí ó bá rí eégbọn, kí ó fi ẹ̀mú kékeré dì í mú ní ibi tí ó ti kan awọ ara, kí ó sì fà á jáde tààrà, láìfi iná jó o, láìfi epo pa á. Ó sábà máa ń gba eégbọn ju wákàtí 24 lọ kí ó tó lè kó àrùn Lyme ran ẹni tí ó lẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ń yẹ ara rẹ̀ wò lójoojúmọ́ ti fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú àrùn. Kí àwọn tí ń kọ́ ilé sì gé koríko, kí wọ́n kó ewé gbígbẹ kúrò ní àyíká, kí wọ́n sì jẹ́ kí ààyè wà láàárín igbó àti ibi tí ọmọ ti ń ṣeré.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ láti inú ẹjọ́ yìí. Èkíní ni pé àwọn ìyá ni ó kọ́kọ́ rí òtítọ́. Wọn kò ní ẹ̀rọ awò, ṣùgbọ́n wọ́n lè ka iye ọmọ tí ń tiro ní àdúgbò wọn. Bí wọ́n bá ti dákẹ́ nítorí pé wọn kì í ṣe oníṣègùn, ta ni ó mọ ìgbà tí àṣírí náà ì bá tú? Èkejì ni pé ohun tí ó hàn sí ojú kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìdí ọ̀ràn. Àgbọ̀nrín tóbi, gbogbo ènìyàn ni ó ń rí i bí ó ti ń jẹ òdòdó lẹ́yìnkùlé, nítorí náà ó rọrùn láti nà án ní ìka. Eku kò hàn, eégbọn kò hàn, kòkòrò inú rẹ̀ kò hàn rárá. Èyí tí ó sì fara sin jù lọ nínú gbogbo wọn ni ọwọ́ àwa ènìyàn, nítorí pé kò sí ẹni tí í fẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ń wá ọ̀daràn.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni adájọ́, n óò fi owó ìtanràn díẹ̀ lé àgbọ̀nrín lórí, n óò sì ní kí ó máa lọ sínú igbó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò pe ẹni tí ó fi í sùn, kí ó wá dúró sí ibi tí àgbọ̀nrín ti kúrò.